Nígbà Tó Kan Ìtàn Ọmọ Tirẹ̀

Ìyá mi ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní sọ́ńdè sùkúù ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìta Fájì. Ìtàn ayé àwọn Kristẹni àtijọ́ ló máa ń sọ fún wọn: ẹni tó lọ bá àwọn adẹ́tẹ̀ gbé títí ẹ̀tẹ̀ fi mú òun náà, ẹni tí wọ́n ní kó sẹ́ Jésù, tó kọ̀, tí wọ́n sì dáná sun, àwọn baba wa tí wọ́n ti Sàró mú ìyìn rere padà wá bá àwọn tó tà wọ́n lẹ́rú. Tó bá ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé mọ̀lẹ́bí wa ni gbogbo wọn.

Àbúrò mi ọkùnrin gbọ́ ìtàn wọ̀nyí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ríṣẹ́ gidi sí ọsibítù kan ní Ìkòyí, ó sì fi í sílẹ̀. Ó ní ibà Lásà ń pa àwọn èèyàn ní abúlé kan lókè lọ́hùn-ún, wọn ò sì ní nọ́ọ̀sì. Mo bú u. Mo ní ṣé orí ẹ̀ pé ṣá? Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ìyá mi gbọ́wọ́ lé e lórí, ó súre fún un, ó ní kó máa lọ.

Ibà yẹn náà ló pa á. Àwọn oníṣẹ́ ìlera ní àìsàn náà ń ràn, wọ́n sin ín síbẹ̀, a ò fojú kan òkú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Tiwa kú, ó tún nù.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa, orin ni wọ́n ń kọ. Wọ́n ní ká máa yọ̀, ọmọ wa ti gba adé. Ta ló bẹ̀ wọ́n ní adé? Díẹ̀ ló kù kí n lé wọn jáde. Nígbà tó yá, àlùfáà wa bẹ ìyá mi pé kó wá sọ ìtàn ọmọ náà fún kíláàsì rẹ̀, kí wọ́n lè rí àwòkọ́ṣe. Mo ní kó má lọ. Ó lọ, mo sì tẹ̀ lé e.

Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó sọ bí àbúrò mi ṣe máa ń ha ìdí ìkòkò ìrẹsì jẹ, àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Ó sọ ti abúlé náà, ó sọ ikú rẹ̀.

Àṣà kíláàsì náà ni pé tí ìtàn bá parí, ẹni tó bá fẹ́ dà bí ẹni inú ìtàn á nawọ́. Ìyá mi ò tíì béèrè rárá tí ọmọbìnrin kan níwájú fi nawọ́. Ó ní, "Mọ́mì, èmi fẹ́ ṣe bíi bọ̀dá."

Ìyá mi lọ bá a, ó fa ọwọ́ náà wálẹ̀, ó dì í mú.

"Rárá o, ọmọ mi. Ìwọ jókòó ti ìyá ẹ. Ṣó o gbọ́?"

A jáde. Bá a ṣe ń lọ sílé, mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀." Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n tì, ó wò mí lójú.

"Àga iwájú yẹn náà ni àbúrò ẹ jókòó sí ní kékeré, tó nawọ́," ó ní. "Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Mo fún un ní bísíkíìtì."