Píjó Tó Gun Ọkọ̀ Lọ sí Ugbonla

Èmi ni awakọ̀ kan ṣoṣo tó gbé Píjó 504 gba orí omi láti èbúté Igbókòdá dé Ugbonla, tí táyà rẹ̀ kankan ò sì rin. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tètè rín in tán, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ẹja yíyan tó dà pọ̀ mọ́ ti epo bẹntiróò àti ẹrẹ̀ èbúté, kíá ni ọkàn mi máa ń padà sí ọdún wọ̀nyẹn, nígbà tí ìwọ, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, àti èmi ṣì lè jókòó sídìí sítíárìn láti àárọ̀ dalẹ́ tí ẹ̀yìn ò ní dùn wá.

O máa rántí àríyànjiyàn tí a máa ń ṣe ní gáréèjì Igbókòdá bí èrò ò bá tíì kún mọ́tò. Àwọn kan á ní Dátsùn ni ọba ọ̀nà jíjìn, pé epo tó ń mu kò ju omi tí adìyẹ ń mu lọ. Àwọn mìíràn á ní Mẹ̀sí ni, bí ẹni pé bàbá wọn ti wọ Mẹ̀sí rí. Ẹnì kan wà láàárín wa tó ń wa Ìjàpá, Fọ́síwágìnì kékeré yẹn, ó búra pé Ìjàpá òun á dé Mẹ́kà bí wọ́n bá lè bá òun kó òkun kúrò lọ́nà. Èmi ò bá wọn pariwo. Ní 1981, 1982 yẹn, mọ́tò kan ṣoṣo ni mo mọ̀: Píjó 504, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó ń gba èrò àti ẹrù. Bó bá kó sí kòtò, jẹ́jẹ́ ló máa ń wálẹ̀, jẹ́jẹ́ ló sì máa ń gòkè, bí ọkọ̀ tó gun ìgbì. Ọ̀gá kan l'Ókìtìpupa ló ni èyí tí mo ń wà. Funfun ni lóde, àga inú rẹ̀ dúdú, àfi àga iwájú kan tó wá pupa bí ata nígbà tó yá. Àwọn èrò á wọlé, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní, "Awakọ̀, ta ló yá ọ ní àga yìí?" Màá ní àga àwọn arẹwà ni. Ìdí tó fi pupa ń bọ̀.

Ẹja gbígbẹ àti edé ni mo ń gbé lọ sókè Ọya, títí dé Kánò, pẹ̀lú àwọn ìyá tó ni wọ́n; àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ni mo ń gbé bọ̀. Bí mo bá dé, màá gbé mọ́tò sílẹ̀ ní Igbókòdá, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ parí sí fún táyà, màá wá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí ìyá mi nílé wa ní Ugbonla. Ẹsẹ̀ ìyá mi ti wú nígbà náà. Kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́ láti inú ilé wa tó dúró lórí òpó, áḿbọ̀sì kó wọ ọkọ̀ wá sí Igbókòdá. Obìnrin tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tukọ̀ kiri gbogbo odò wa, kò wọ mọ́tò rí.

Ní ọjọ́ kan tí mo dé, mo bá ọ̀rẹ́ mi lórí pákó iwájú ilé, ọlọ́kọ̀ tí èmi àti ẹ̀ jọ kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ń tún àwọ̀n ṣe, ojú sì ń tì í láti wò mí. Ìyá mi ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Padà wá sórí omi."

"Màmá, iṣẹ́ mọ́tò ni mò ń ṣe."

"Ìwọ tí mo bí sínú ọkọ̀?"

Mo rò pé ìjàm̀bá ọ̀nà ló ń bà á lẹ́rù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé mi ò kì í sáré, pé búrẹ́kì mi mú dáadáa. Ó mi orí.

"Òkun ló gba bàbá rẹ lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ mi ò bá òkun jà. Nígbà tí bàbá rẹ wà láyé, bó bá lọ, mo máa ń mọ ìgbà tó kọjá ẹnu odò, mo máa ń mọ ìgbà tó ju àwọ̀n, mo máa ń mọ ìgbà tó yíjú sílé. Ibi tó bá dé ni mò ń gbàdúrà sí. Ìwọ ńkọ́, ọma mi? Bí o bá ti kúrò ní Igbókòdá báyìí, ojú mi fọ́ nìyẹn. Mi ò mọ ibi tí màá darí àdúrà sí."

Òótọ́ ló sọ. Bí àwọn obìnrin etí omi wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọn ò ní kúrò nídìí iná tí wọ́n fi ń yan ẹja, àmọ́ wọ́n á bá ọkọ wọn dé ibi tí omi ti dúdú, wọ́n á sì bá a padà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí ìyá mi ń kùn lábẹ́lẹ̀: "Wọ́n ti dé ibẹ̀ báyìí. Afẹ́fẹ́, rọra." Kò sẹ́ni tó ń kùn báyẹn fún èmi. Mo sì mọ̀ pé mi ò ní lè wa mọ́tò lọ síbi tó jìnnà nígbà tí ọkàn ìyá mi ò sí nínú ẹ̀. Bí mi ò bá wá nǹkan ṣe, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Bí mo ṣe lọ gbé mọ́tò wá fún un nìyẹn. A so ọkọ̀ ńlá méjì pọ̀, a tẹ́ pákó lé wọn lórí, a ti Píjó gun orí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wà nídìí ẹ́ńjìnì ọkọ̀, èmi wà nídìí sítíárìn, mò ń tẹ họ́ọ̀nù fún àwọn tó ń tukọ̀ bọ̀ kí wọ́n yà fún mi. Àwọn ẹja ń fò sókè láti ka nọ́ńbà mọ́tò mi.

Ọ̀rẹ́ mi ń pariwo, "Awakọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ! Bí èyí bá rì, ìwọ lo máa wà á délé lábẹ́ omi o!"

Gbogbo Ugbonla tú síta. A gbé mọ́tò gòkè sórí pákó iwájú ilé wa, mi ò sì mọ bí òpó ṣe rù ú.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi gbé ìyá mi sórí àga iwájú. Ó fọwọ́ pa á lára.

"Ó rọ̀." Ó tún fi imú fà á. "Ṣùgbọ́n ó ń rùn bí ẹja."

"Ẹja yín náà ni, Màmá."

Mo jókòó lápá òsì rẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti sí ọ̀nà, ẹnu ni mo fi wà á. Mo ní, "Vùrúúù." Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi wò ó títí ẹ̀rín náà fi kú sí i lẹ́nu.

"Ṣé ìwọ kì í ṣe èrò ni? Wá jókòó sẹ́yìn."

Ó wá jókòó sẹ́yìn wa. A kọjá Òkìtìpupa, a dé Ọ̀rẹ̀. Mo ní àwọn oníbúrẹ́dì ti ń sáré bọ̀. Ìyá mi ní kí n dúró ká ra, mo dúró, a rà á. Ó ní kí n máa lọ, kí n má sáré.

"Mi ò sáré, Màmá."

"Mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Nígbà tí a kọjá Oǹdó tí a ń bọ̀ ní Iléṣà, mo ní òkè ló ń bọ̀ yìí. Ó bi mí pé báwo ni òkè ṣe rí. Mo ronú díẹ̀, mo ní ó dà bí ìgbì ńlá tó dìde tí kò wó mọ́. Ó ní, "Ẹ̀rù ò wá ń ba àwọn tó kọ́lé sábẹ́ rẹ̀?" Lẹ́yìn Ìlọrin, ó bi mí pé ibo ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mi ò parọ́ fún un. Mo ní ibì kan wà tí ọ̀nà ti ń ṣẹ́ kọ́nà lójijì, tí àwọn tírélà kì í yà fún èèyàn. Ó di orúnkún mi mú títí mo fi ní a ti kọjá a. Nígbà náà ni mo rí i pé ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń há ọ̀nà náà sórí, ìlú kan tẹ̀ lé ìkejì.

"Afárá Jẹ́bà nìyí," ni mo wí. "Omi ńlá wà lábẹ́ wa."

Ó yíjú sí mi. "Omi?"

"Odò Ọya ni. Wọ́n ń pẹja níbẹ̀, ọkọ̀ wọn sì jọ tiwa."

Omijé dé ojú rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ látọjọ́ yìí pé omi wà lọ́nà? Bí o bá dé ibẹ̀, máa sọ̀kalẹ̀, kí o bọ́jú. Èmi náà á máa bu omi bọ́jú níbí. Ibẹ̀ ni màá ti máa dúró dè ọ́."

Nígbà tí a dé Kánò, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. "Mọ́tò tó gbé mi dé Kánò tí ẹsẹ̀ ò dùn mí, èwo ló tún dára jù ú lọ?" Ó wá sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, "Wá ẹlòmíràn sí àyè yẹn nínú ọkọ̀ rẹ. Èyí ti ní ọ̀nà tirẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Màmá, mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ ná. Láti Ìlọrin ni mo ti ń pa ìtọ̀ mọ́ra."

Láti ọjọ́ náà, mi ò gba Jẹ́bà kọjá láìbọ́jú. Bí mo bá délé, ìyá mi á ní, "O pẹ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́ lọ́tẹ̀ yìí." Kì í bọ́ sí i ní gbogbo ìgbà. Ìgbà mìíràn wà tó fi àdúrà gbé mi kọjá afárá nígbà tí mo ṣì ń sùn ní gáréèjì Igbókòdá tí èrò ò tíì kún. Mi ò sọ fún un. Mo gbà pé àdúrà náà ti ṣáájú mi lọ, ó ń dúró dè mí níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé mọ́tò dídára ló ń mú èèyàn rin ọ̀nà jíjìn. Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé ọ̀nà kì í jìnnà púpọ̀ bí ẹnì kan nílé bá mọ ibi tí o dé.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi kún un. Mọ́tò kankan ò gun ọkọ̀. Mi ò tẹ họ́ọ̀nù fún ẹnikẹ́ni lórí omi, ẹja kankan ò sì ka nọ́ńbà. Àga iwájú nìkan ni mo fi sípánà tú nínú Píjó, tí mo gbé e sínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Orí àpótí ni èmi jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ni mo dì mú bíi sítíárìn. Ìyókù, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Kò jẹ́ kí n gbé àga náà padà, ni mo bá lọ ra àga pupa yẹn lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ògbólógbòó mọ́tò l'Óǹdó. Ìyá mi ti lọ, òkun sì ti gbé ilé náà tòpótòpó. Àga dúdú ṣì wà lọ́dọ̀ mi ní Igbókòdá. Òun ni mo jókòó lé tí mo fi ń kọ èyí, òórùn ẹja sì ṣì wà lára rẹ̀ díẹ̀.