Ọ̀sán Tí Wọ́n Ṣán Koríko Kọ́nà

Ilé ìwé ọmọ mi kìlọ̀ lọ́sẹ̀ yìí pé kí ọmọ kankan má gun kẹ̀kẹ́ wá mọ́, nítorí koríko ti bo kọ́nà ọ̀nà ilé ìwé, awakọ̀ kò sì lè rí ẹni tó ń bọ̀. Mo lọ wò ó fúnra mi. Ó ga dé èjìká mi. Òórùn rẹ̀ mú mi rántí ọ̀sán kan nígbà èwe mi.

Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ìlú wa gbé kẹ̀kẹ́ wọn ti ògiri ilé wa, wọ́n sì ń ṣán koríko kọ́nà yìí kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Gíríìsì àti òógùn ń rùn lára aṣọ wọn. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé kò síṣẹ́ nílé yín ni?"

Tíṣà tó jẹ́ olórí wọn dáhùn pé, "Ó wà o! Sọ̀ kalẹ̀, wá bá wa ṣe níbí!"

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ni màmá mi ń wí, ó ń bu omi fún wọn.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, gbogbo wọn lu agogo kẹ̀kẹ́ wọn pọ̀. Mo pàtẹ́wọ́, mo ní, "Ẹ tún un lù!" Màmá mi kọjú sí ògiri, ó ní koríko kó sí òun lójú.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kọ́nà yẹn ni mọ́tò ti pa ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n tó bí mi.

Ọmọ mi yóò máa gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ìsinsìnyí yóò ṣán kọ́nà náà láàárọ̀ Sátidé, èmi náà yóò sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú àdá yín wá.