Òrùka Àǹtí mi kò kúrò lọ́wọ́ mi

Wọ́n pè mí ní àjẹ́ lónìí ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Àǹtí mi l'Ájàngbádì, torí idán lásán.

Mo mú òrùka Àǹtí sọ́wọ́ ọ̀tún níṣojú òun àti oníbàárà rẹ̀, mo di ọwọ́ méjèèjì. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo wúkọ́ gẹ́lẹ́ bíi bàbá onílé.

Àǹtí àti Ìyá Sìkírá tó wá gba aṣọ yíjú síbẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀: "Ẹ káàsán, sà."

Mo yára gbé òrùka sọ́wọ́ òsì. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, mo ṣí ọwọ́ ọ̀tún. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àǹtí kígbe pé, "Àjẹ́!"

"Àǹtí, òun rèé lọ́wọ́ òsì. Ìgbà tẹ́ ẹ kúnlẹ̀ ni mo pààrọ̀ ọwọ́."

"Irọ́ ni. Ojú mi ò kúrò lára ẹ."

"Ta lẹ wá ń kí?"

"Bàbá onílé tó wúkọ́."

"Èmi ni mo wúkọ́."

Ìyá Sìkírá ní, "Ẹ ò gbọ́ ọ, ó ti gba ohùn bàbá onílé lọ́wọ́ wọn."

Ọ̀la ni wọ́n ń mú mi lọ bá wòlíì n'Ìyànà Ìbà fún àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó yá wọn lára láti gbà pé àjẹ́ ni mí ju kí wọ́n gbà pé àwọn gbójú kúrò.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nínú àwa mẹ́ta, ta ló yẹ kó gbààwẹ̀?