Ẹni Tó Rí Ojú Ọmọ Náà

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọkọ mi kò fi gbé ọmọ wa. Mi ò sọ pé kò tọ́jú rẹ̀ o. Ó ń ra bísíkíìtì bọ̀ láti ibi iṣẹ́, á gbé e sórí tábìlì, á ní kí n fún un. Ṣùgbọ́n kí ó fọwọ́ kan ọmọ, kí ó gbé e lé ẹsẹ̀ bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, rárá. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ta ni. Tó bá ti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́nu géètì, á na apá méjèèjì, á sáré lọ pàdé rẹ̀. Bàbá á gbé báàgì iṣẹ́ síwájú àyà, á ní ara òun dọ̀tí. Tó bá wẹ̀ tán, á ní ó ti rẹ òun.

Onítáìsì ni. Àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́nà Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ló ti ń ṣiṣẹ́, àwa sì ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ nílé bàbá onílé wa ní Ajah. Kó tó di pé ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, èèyàn ọlọ́yàyà ni. Ó máa ń kọrin tó bá ń wẹ̀, àwọn ará ilé á sì máa bú u pé ohùn rẹ̀ dà bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo ti fẹ́ tán nínú rẹ̀.

Ọmọ kejì ni mo bí. Ọkùnrin ni, ó sì ti kú kó tó jáde. Ìyá mi bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Ìbàdàn pé mi ò gbọ́dọ̀ wò ó, pé tí mo bá wò ó, mi ò ní gbàgbé. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ràn, mo kọjú sí ògiri títí wọ́n fi gbé e jáde. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi wá sọ fún mi pé bàbá onílé ti rí àwọn tó bá wa sin ín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí.

Àwọn èèyàn wá kí wa. Èmi ni wọ́n ń kí. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Tí wọ́n bá ń lọ, wọ́n á wá rántí pé ọkùnrin kan wà nídìí ilẹ̀kùn. "Ẹ kú ìtọ́jú ìyàwó o," ni wọ́n ń sọ fún un, bí ẹni pé aládùúgbò tó wá ràn mí lọ́wọ́ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti sáìtì wá pẹ̀lú. Wọ́n ní kó ṣe bí ọkùnrin, pé tí òun náà bá ń sunkún, ta ni yóò rẹ obìnrin lẹ́kún? Lọ́jọ́ kẹta, ó ti padà síbi iṣẹ́. Gbogbo wa yìn ín. Èmi náà yìn ín.

Ìgbà tó di pé kò fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ mọ́ ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í korò. Mo rò pé ó ń bínú sí mi, pé lọ́kàn rẹ̀, èmi ni mo pa ọmọ rẹ̀. Tí mo bá bi í pé kí ló dé, á ní kò sí nǹkan kan. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, ìdajì ló ń jẹ. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé pẹ̀lú ẹni tí ń sọ pé kò sí nǹkan kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó jáde lọ ra káàdì, ó ń bọ̀. Ọmọ rí i, ó sì sáré. Ọkọ mi yẹ̀ fún un. Ó yẹ̀ fún ọmọ bí èèyàn ṣe ń yẹ̀ fún ọ̀kadà. Ọmọ ṣubú, ó fi ẹnu gbá etí gọ́tà, ètè rẹ̀ sì bẹ́. Bàbá rẹ̀ dúró, ó ń wò ó nílẹ̀. Àǹtí tó ń ta gáàsì lẹ́nu géètì wa ló gbé e. "Dádì, ọmọ tiyín mà ni," bẹ́ẹ̀ ni àǹtí wí, gbogbo ilé sì gbọ́.

Mo gba ọmọ, mo wọlé, ó tẹ̀ lé mi. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, mi ò pè é ní ìwọ rí. Ọjọ́ yẹn, mo pè é bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ, òkúta ni ẹ́. Ọmọ kú, o ò sunkún. Èyí tó kù ńkọ́? Ṣé o fẹ́ kí òun náà kú ni?"

Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó na ọwọ́ kejì sí mi.

"Ọwọ́ tí mo fi sin àbúrò rẹ̀ nìyí," ó ní. "Ṣé òun náà ni kí n fi gbé e?"

Mo ní ṣebí bàbá onílé ló rí àwọn tó sin ín. Ó mirí. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti fíríìjì, ó sì sọ ọ́ fún mi. Bàbá onílé wà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà. Lórí fóònù, ó ní kó lo ẹ̀yìn ilé àtijọ́ àwọn létí ọ̀sà, ṣùgbọ́n kó wá ẹlòmíràn tí yóò gbẹ́lẹ̀. Ó wá ẹlòmíràn, kò rí. Ọ̀kan ní ìyàwó òun lóyún, òun ò lè fọwọ́ kan irú rẹ̀. Èkejì ò gbé ìpè mọ́. Ilé ìwòsàn sì ní kó gbé ọmọ lọ lọ́jọ́ náà. Bó ṣe gbé páálí tí wọ́n tẹ́ ọmọ sí lé ẹsẹ̀ nínú márúwá nìyẹn, tó fi ṣọ́bìrì ibi iṣẹ́ gbẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó parọ́ fún bàbá onílé, ó parọ́ fún mi. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé ọwọ́ tó bá ti sin ọmọ ẹ̀ kan ti mọ ọ̀nà, pé tí òun bá gbé èyí tó kù, yóò tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ní sáìtì. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ tí kò tíì ké rárá ni ìwọ fẹ́ máa sunkún fún?"

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ìtùnú. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ rí ojú rẹ̀?"

Ó ní páálí ṣí nínú márúwá, òun sì rí i.

"Ta ló jọ?"

"Ìwọ ni," ó ní. "Iwájú orí yẹn, tìẹ ni. Irun rẹ̀ pọ̀. Ó ká ọwọ́ kan báyìí, bí ẹni tó di nǹkan mú."

Ó ká ọwọ́ tirẹ̀ láti fi hàn mí, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà. Èmi náà ń sunkún, mo ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dáhùn: etí rẹ̀ ńkọ́, àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́. Ní gbogbo ayé, òun nìkan ló mọ ọmọ mi. Kò sì sẹ́ni tó bi í.

Aládùúgbò wa kan kanlẹ̀kùn, ó ní ṣé kò sí wàhálà. Mo nu ojú, mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀, mo ní inú ló ń run dádì. Ìtìjú rẹ̀ ni mo bò. Mo ṣì ń ro irọ́ yẹn dòní, nítorí pé èmi náà, ọjọ́ tó sunkún gan-an ni mo tún bá a fi ẹkún náà pa mọ́.

A sọ fún bàbá onílé. Kò bínú. Ó béèrè bóyá ilẹ̀ tó gbẹ́ náà jìn tó, ọkọ mi ní ó dé ìgbáròkó. Bàbá ní òun náà ti gbẹ́ irú rẹ̀ rí, nígbà tí òun ṣì ń pẹja lódò, pé títí ìyá àwọn ọmọ òun fi kú, kò mọ̀. Ó ní àwọn ọmọ mẹ́fà tí òun gbé lẹ́yìn ìgbà náà ló ń pe òun ní bàbá dòní.

Mi ò ní parọ́ pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọ labẹ́rẹ́ àjẹsára ní dókítà kan wà fún irú nǹkan báyìí. Ọkọ mi ní òun ò ya wèrè. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo sinmi, mo tún bẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, ó wọṣọ, a dé ibi tí a ó ti wọkọ̀, ó ní ká padà. A padà.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí pé kí n mú réèsà wá, pé èékánná ọmọ ti gùn jù. Ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó mú ìka kan, ó gé e, ó wo ọmọ lójú, ó mú òmíràn. Ọmọ ń sọ ìtàn kan nípa ẹran fún un, ìtàn tí kò lórí tí kò nídìí. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ìdáná, mi ò mira. Nígbà tó gé ìkẹwàá tán, òógùn ti bò ó bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì gòkè. Ó ní kí n wá gbà á báyìí, ó ti tó.

Mo lọ gbà á.