Ihò Tó Wà Láàrin Ilé Ìdáná Méjì

Wọ́n ní àkọ́bí mi obìnrin ti dá ihò sí ògiri, kí ọkùnrin ilé kejì lè máa gbabẹ̀ wọlé. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni mo gbà gbọ́. Ihò, ó ṣeé ṣe. Ọkùnrin kẹ̀? Ọmọ tó ń fi gbogbo ọjọ́ wo nǹkan tí ojú ò lè rí nínú ẹ̀rọ níbi iṣẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ rí ọkùnrin?

Mo lọ wò ó nílé ọmọ mi. Ihò wà ní ilé ìdáná lóòótọ́, kò ju ibi tí orí ológbò lè gbà lọ. Ọwọ́ onírun kan yọ láti òdìkejì.

"Olólùfẹ́, òróró díẹ̀. Mo fẹ́ dín ẹyin."

"Ẹ kú ọ̀sán o," mo dáhùn.

Ọwọ́ náà sá padà bí ọ̀kẹ́rẹ́.

"Kápẹ́ńtà ni, Màmá," ọmọ mi sọ lẹ́yìn mi. "A fẹ́ fẹ́ra wa, àmọ́ kálukú á wà nílé ẹ̀."

Mo ti ń gbààwẹ̀ pé kí Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn ọkọ fún un. Ihò ló ṣí.

"Kí ló dé tẹ́ ò gbé pọ̀?"

"Iṣẹ́ mi ló kọ́ mi. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn bíńtín-bíńtín tí Ọlọ́run fi mọ ara wa, yàrá wà nínú ẹ̀. Yàrá kan ń ṣe ọ̀rá. Èkejì ń ṣe agbára, àmọ́ ó nílò ọ̀rá yẹn láti fi tún ògiri ara ẹ̀ ṣe. Omi ló wà láàrin wọn, ọ̀rá ò sì mọ̀wẹ̀. Yàrá méjèèjì á wá sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, àwọn alábàárù ibẹ̀ á gbá ọ̀rá mọ́yà, wọ́n á gbé e sọdá. Kò sí yàrá tó wọ inú èkejì."

"Ta ló so wọ́n pọ̀ ní tọkọtaya?"

"Màmá!"

Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sáàrin òun àti àbúrò ẹ̀ lórí ẹní, á wá na bisikíìtì sọdá.

Kápẹ́ńtà wọlé, tépù lọ́wọ́. "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, mà. Mo ti kan ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ihò yẹn ni mo fẹ́ fẹ̀, ká lè di ọ̀kan."

"Bí ògiri bá ya, tibí á dà sí tọ̀hún, yàrá méjèèjì á bàjẹ́," ọmọ mi ní. "Mo fẹ́ ẹ, mo sì fẹ́ yàrá mi. Bó o bá fọ́ ògiri, kò sí ìgbéyàwó."

"Ọmọ ńkọ́?" mo bi í. "Ṣé inú ihò lẹ ó ti máa nawọ́ gbà á?"

Kápẹ́ńtà bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló bà á jẹ́.

Ọmọ mi gbé ìgò òróró sínú báàgì iṣẹ́ ẹ̀. "Lọ fi ilẹ̀kùn ẹ dín ẹyin."

"Ìwọ ọmọ yìí, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán..."

Ó ti jáde.