Ìgbẹ́ Màlúù tí Bàbá Bọ̀wálé Sá sí Richmond

Kò sẹ́ni tó mọ Bàbá Bọ̀wálé ní Richmond, ní Texas, tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí wọ́n lẹ ìgbẹ́ màlúù mọ́ fẹ́ǹsì. Ọjọ́ Àìkú ni, ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Bàbá bọ́ agbádá sílẹ̀, wọ́n po ìgbẹ́ tí wọ́n bù wá láti oko màlúù kan mọ́ koríko gbígbẹ, wọ́n sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mọ́ pákó lọ́kọ̀ọ̀kan. Charles aládùúgbò yọjú.

"Sir, what is that?"

"Firewood." Bàbá ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ojú ti Doyinsọ́lá, ọmọ wọn tí wọ́n jọ ń gbé. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, àwọn HOA, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, máa kọ lẹ́tà sí wa."

"Kí wọ́n kọ ọ́. Mo mọ̀wé kà."

Wọ́n mọ̀wé lóòótọ́. Ẹnjiníà omi ni wọ́n, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rọ omi ní abúlé kan ní India. Láti ìgbà náà, tí Bàbá bá ní "abúlé wa", kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n bí wọn sí ni wọ́n ń wí. Ilé opó kan, Sunita, ni wọ́n dé sí. Màlúù méjì ni obìnrin náà ní. Ó ń ta wàrà, ó ń sá ìgbẹ́ sára ògiri, ó ń fi dáná, ó sì ń ta ìyókù nígbà òjò tí igi bá tutù.

"Ìgbẹ́ yẹn ló rán ọmọ Sunita méjèèjì níléèwé," Bàbá á wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi iná mànàmáná se tíì, kí lẹ mọ̀?"

Doyinsọ́lá fàáké kọ́rí. Bàbá kó ìgbẹ́ kúrò. Wọn ò sọ pé inú gáréèjì làwọn kó o sí.

Ní February kan, yìnyín bo Texas, iná lọ fún ọjọ́ méjì. Túnmiṣe, ọmọ Doyinsọ́lá, ò ju oṣù mẹ́rin lọ. Mílíìkì rẹ̀ tutù, ó sunkún títí ohùn fi há. Bàbá to bíríkì mẹ́ta sẹ́yìnkùlé, wọ́n kó ìgbẹ́ jáde. Kò pẹ́ tómi fi hó. Ọmọ mu mílíìkì, ó sùn. Charles náà gbé kẹ́tù omi dé, ó gbé e lé iná.

"Firewood," Bàbá wí fún un.

Oṣù tó kọjá ni Bàbá kú. Doyinsọ́lá ń palẹ̀ gáréèjì mọ́, Charles ń bá a gbẹ́rù, ni wọ́n rí ẹyọ ìgbẹ́ kan tó kù.

"Trash?" Charles bèèrè.

"No."

Ìka márààrún Bàbá ṣì hàn lára ìgbẹ́ náà. Doyinsọ́lá fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ojú ọwọ́ náà, kò kún un. Ó rẹ́rìn-ín, àárò sì sọ ọ́ gan-an. Ó gbé e wọ pálọ̀, HOA ìbáà kọ lẹ́tà.