Ohun Tí Wọ́n Sọ nípa Olè Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Èmi kì í ṣe ẹni tó lè jókòó sójú kan. Lọ́dún tí ìjọba sójà ti bodè Sẹ̀mẹ̀ pa, ọ̀rọ̀ náà tún wá burú sí i, nítorí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ Àgbádárìgì kan, àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi ò lè sùn, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, màá ti fò dìde.

Tíṣà ni mí ní Aradagun nígbà náà, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá síbi tí kò ti mọ ẹnì kankan. Tíṣà ni obìnrin náà, ilé ẹ̀kọ́ kan náà la wà. Ègùn ni wọ́n nílé tiwọn. Bàbá rẹ̀ ti rí mi, ó ní òun ò rí àléébù kan lára mi àfi pé ara mi kì í balẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, bàbá kọ́ ló ń fọmọ fọ́kọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó jẹ́ obìnrin ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ìyá yẹn bá ti ní rárá, rárá náà nìyẹn, bàbá tó bí ọmọ á kàn máa wolẹ̀ ni. Àjàṣẹ́ ni ìyá náà sì ń gbé, ní òdìkejì bodè, níbi tí sójà ti ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá sí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ọkùnrin wá kan ilẹ̀kùn mi. Ajẹ́ńtì ni ní Sẹ̀mẹ̀: òun ló máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti ìgbà tí bodè ti wà ní títì, kò ríṣẹ́ ṣe mọ́, ló bá sọ ara rẹ̀ di onífídíò àdúgbò.

Ó ní, "Tíṣà, ìyá ti dé láti Àjàṣẹ́. Ẹ máa bọ̀ wá kí wọn."

Mo ní, "Wọ́n dé? Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà?"

Ó ní, "Ṣé ọ̀nà lẹ fẹ́ fẹ́ ni àbí àbúrò mi?"

Mo wọ aṣọ tó mọ́ jù lọ lára èyí tí mo ní. Ọṣẹ tí mo fi fọ̀ ọ́, ìlà ni mo tò gbà á nínú oòrùn, sójà sì ń fi kòbókò na ẹsẹ̀ àwọn tó bá yà kúrò lórí ìlà. Ayé le nígbà yẹn, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká sọ ọ́.

Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Jọ̀ọ́, má sọ Ègùn o. Yorùbá ni kó o máa sọ, èmi á túmọ̀ rẹ̀ fún wọn."

Mo ní, "Kí ló dé? Ṣé mi ò gbọ́ Ègùn ni?"

Ó ní, "O gbọ́ Ègùn àwọn ẹlẹ́ja. Jọ̀ọ́."

Inú bí mi díẹ̀. Oṣù mélòó ni mo ti fi ń kọ́ èdè yẹn nítorí tirẹ̀! Ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Nígbà tí a wọlé, èèyàn ti kún abẹ́ àtíbàbà. Àwọn tí Sẹ̀mẹ̀ ti dá ọwọ́ wọn dúró ló pọ̀ jù níbẹ̀: àwọn ajẹ́ńtì, àwọn tó ń ṣẹ́ owó, àwọn awakọ̀. Kò síṣẹ́, kò síbi tí wọ́n ń lọ, ara wọn sì ń yún wọn bíi tèmi. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé. Ìyá jókòó sórí àga nítòsí ògiri, arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó wò mí, ó mi orí, ó sì fi àgbọ̀n júwe bẹ́ǹṣì fún mi.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Faransé ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ajẹ́ńtì wa yìí ló wá ń túmọ̀, á sọ Yorùbá, á sọ Ègùn, á sì fi tirẹ̀ kún un. Àwọn olè mẹ́rin kan ló fẹ́ lọ kó wúrà ọlọ́rọ̀ kan. Wọ́n ra kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó rẹwà, wọ́n ti ẹni tó kúrú jù láàárín wọn mọ́ inú rẹ̀, wọ́n wá gbé e lọ fún ìyàwó ọlọ́rọ̀ bí ẹ̀bùn. Ìyàwó wò ó títí, ó ní àwọ̀ rẹ̀ ò wu òun, ó ní kí wọ́n gbé e lọ fún àbúrò òun. Àbúrò ọ̀hún, ọ̀gá ọlọ́pàá ni! Bí olè ṣe di èrò ọ́fíìsì ọlọ́pàá nìyẹn, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò lè wúkọ́, kò lè sín. Wọ́n gbé e kiri ìlú. Nígbà tó yá, kọ́bọ́ọ̀dù padà sílé ọlọ́rọ̀, olè kó wúrà sínú rẹ̀, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ìyàwó tún ní òun ò fẹ́ ẹ, àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló sì rù ú jáde sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń sọ pé igi yìí mà wúwo o.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá ni mo ń wò ju fíìmù lọ. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Bí wọ́n ṣe pa tẹlifíṣọ̀n, ariwo sọ.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣẹ́wó Sẹ̀mẹ̀, ẹ má ṣì mí gbọ́ o, àwọn tó ń ṣẹ́ náírà sí owó Faransé ni mò ń wí, ní, "Ọlọ́pàá ló ru wúrà jáde! Ẹ ò rí i pé òtítọ́ ni fíìmù yìí?"

Bàbá ilé, tó bí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, ní, "Olè ni olè. Ìbọn ló yẹ kí wọ́n fi parí fíìmù yẹn. Kí lẹ ń rí rẹ́rìn-ín?"

Obìnrin kan tó ń ta àgbọn lójú ọ̀nà ní, "Ìyàwó ọlọ́rọ̀ nìkan ló gbọ́n nínú gbogbo yín. A kì í gbé ẹ̀bùn tí a ò mọ orísun rẹ̀ wọ yàrá."

Wọ́n tún wá ń jiyàn lórí bí àwọn olè á ṣe pín wúrà. Àwọn kan ní kí wọ́n pín in dọ́gba. Àwọn kan ní irọ́ ni, ẹni tó fara pamọ́ ló jìyà jù. Ẹnì kan ní kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀, pé sójà lè máa kọjá lọ lóde. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, nígbà tó yá, wọ́n tún gbé e sókè.

Nígbà náà ni ìyá sọ nǹkan kan ní Ègùn, gbogbo ojú sì yí sí mi. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ní, "Wọ́n ní àlejò ńkọ́? Kí lo rí sí fíìmù náà?"

Mo dìde. Mo ní fíìmù náà pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n pé olè jíjà ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wa, oníṣòwò ni ìyá mi, epo ló ń tà. Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀. Ìyá náà mi orí. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jókòó, àbí? Orí mi ò gbà. Mo fẹ́ kí ìyá mọ̀ pé mo ti ń kọ́ èdè wọn. Mo bá bu Ègùn sẹ́nu.

Ẹ gbọ́ o. Lédè Ègùn, ajọ ni òwò. Ajo ni olè jíjà. Bí èèyàn ṣe la ẹnu tó ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́, tí mo ti ń kí àwọn tó ń ti àjò bọ̀ láti kékeré, ajo ló yá mi lẹ́nu. Mo dúró láàárín èrò, mo gbé ohùn sókè, mo ní olè ni ìyá tó bí mi. Mo ní olè gidi ni gbogbo ìyá tó ń gbé aṣọ kọjá láti Àjàṣẹ́ wá sí Àgbádárìgì, àti pé mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an.

Yéè! Ẹ̀rín tí wọ́n rín sí fíìmù, eré ni. Ajẹ́ńtì mú inú rẹ̀ mú, ó ń sunkún ẹ̀rín. Bàbá ilé ń wúkọ́. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tí ẹ̀rín ń lọ sílẹ̀, a rí i pé ìyá ti dìde, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ sétí ọ̀sà. Ó ń nu ojú.

"Mo sọ fún ẹ!" Bí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ṣe kígbe mọ́ mi nìyẹn. "Mo sọ fún ẹ, o ò gbọ́. Ó parí!"

Ajẹ́ńtì ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ó kù díẹ̀ kí n gbá a létí.

Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, kí n fi í sílẹ̀ dọ̀la. Ta ló lè dúró dọ̀la? Mo tọ ìyá lọ, mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, òwò ni mo fẹ́ sọ, ẹnu mi ló ṣì í."

Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, Yorùbá Àjàṣẹ́ tó já gaara, tí kò jẹ́ sọ níwájú èrò. "Dìde. Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ. Ìwọ kọ́ ló pa mí lẹ́kún."

Mo dìde, mo ń gbọn iyanrìn.

Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń gbé aṣọ gba ojú ọ̀nà yẹn. Kọ́sítọ́ọ̀mù á kí mi, èmi náà á kí i. Aṣọ kan náà, ọ̀nà kan náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti bodè, ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ na ìbọn sí mi, ó ní, ìyá olè, padà. Àṣìsọ tìẹ yẹn, ìjọba ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ." Ó nu imú. "Ṣé o mọ bí mo ṣe dé síbí? Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo dùbúlẹ̀ sí, wọ́n tẹ́ ẹní lé mi lórí, wọ́n wá to agbọ̀n ẹja lé ẹní. Ọlọ́kọ̀ ní kí n má wúkọ́. Èmi, pẹ̀lú ewú orí mi! Nítorí kí n lè wá fojú rí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi. Ẹ̀yin wá jókòó, ẹ ń fi ẹni tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ṣe ẹlẹ́yà."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí.

Ó ní, "Mo gbà ọ́. Ẹni tó ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ nítorí kó lè bá mi sọ̀rọ̀ ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ìgbéyàwó láìsí mi, mi ò sì ní dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹja wá síbi ìgbéyàwó ọmọ mi. Ojú ọ̀nà ni màá gbà. Ẹ dúró kí wọ́n ṣí bodè."

Bí mo ṣe rí ìyàwó tí mi ò sì rí i nìyẹn. Ọwọ́ ìjọba sójà ni wọ́n fi ìgbéyàwó mi sí! Mo ń gbọ́ rédíò láàárọ̀, mo ń gbọ́ ọ lálẹ́. Mo ń gun ọkọ̀ lọ sí Sẹ̀mẹ̀ lásán láti lọ wo igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà, sójà á ní kí ni mo ń wá, màá ní kò sí. Mo bá gbogbo èèyàn jà, títí kan ẹni tí mò ń dúró dè. Ó ní bí mi ò bá lè dúró, kí n máa lọ. Mi ò lọ.

Ìgbà òjò ni wọ́n mú ìròyìn wá pé ìyá ti kú. Bàbá ilé, tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, ń ṣàìsàn, kò lè dìde. Àwọn sójà sì mọ ojú ajẹ́ńtì dáadáa. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ní òun á lọ. Mo ní a jọ ń lọ ni.

Ọ̀sán gangan ni ọlọ́kọ̀ ojú omi mú, ó ní òru ni wọ́n máa ń ṣọ́ omi. A dùbúlẹ̀ gbọọrọ, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n to agbọ̀n. Omi ẹja ń kán sí wa lójú. Níbì kan, a gbọ́ ohùn ọkùnrin tó bi ọlọ́kọ̀ pé kí ló gbé. Ọlọ́kọ̀ ní ẹja ni. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ di ọwọ́ mi mú títí ohùn yẹn fi jìnnà.

Nílé olókùú ní Àjàṣẹ́, àgbà kan bi í pé ta ni ọkùnrin tó ń rùn bí ẹja yìí. Ó ní, "Ọkọ mi ni."

Wọ́n ní, bó bá jẹ́ ọkọ, aṣọ tí àna fi ń bo òkú ńkọ́? Ọwọ́ òfìfo ni mo dé. Obìnrin kan wọ yàrá ìyá lọ, ó mú aṣọ kan jáde lára èyí tí ìyá kò rí gbé kọjá láti ìgbà tí bodè ti wà ní títì, ó sì nà án sí mi. Mo tẹ́ ẹ bo ìyá láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Àwọn àgbà gbàdúrà lé wa lórí, wọ́n pè mí ní àna, wọ́n sì bu omi fún àwa méjèèjì mu nínú ife kan.

Nígbà tí wọ́n wá ṣí bodè, àwọn ará Àgbádárìgì ní ó ti tó àkókò kí a ṣe ìgbéyàwó. Ìyàwó mi ní a ti ṣe é, ìyá sì wà níbẹ̀.